Curaçao lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, Super Eagles jókòó sílé: báwo ló ṣe jẹ́?

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, Curaçao ta ọ̀mì 0–0 pẹ̀lú Jàmáíkà ní Kingston, wọ́n sì fi gba ìwé ìwọlé sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni DR Congo ti fi pẹnáritì yọ Super Eagles lẹ́nu ìdíje náà. Látìgbà yẹn ni ìbéèrè ti ń wá lọ́tùn-ún lósì.

Níbo ló ń jẹ́ Curaçao?

Erékùṣù kan nínú Òkun Kàríbíà ni, kò ju nǹkan bí kìlómítà 65 lọ sí etíkun Fẹnẹsúélà.

Ṣé òótọ́ ni pé wọn ò tó ìjọba ìbílẹ̀ kan?

Òótọ́ ni. Gbogbo wọn jẹ́ nǹkan bí 156,000. Súrùlérè nìkan, nínú ìkànìyàn 2006, ju wọ́n lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Kò sí ibi tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó tíì dé Ife Àgbáyé rí. Iceland ló kéré jù tẹ́lẹ̀, ní 2018, àwọn tí Ahmed Musa gbá góòlù méjì wọlé sí ní Volgograd.

Orílẹ̀-èdè ni, àbí abẹ́ Netherlands ni wọ́n wà?

Ọba kan náà ló wà lórí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n Curaçao ti ń ṣe ìjọba ara rẹ̀ láti ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá, ọdún 2010. Wọ́n ní ikọ̀ tiwọn lọ́dọ̀ FIFA. Páàsípọ́ọ̀tù Netherlands ni wọ́n sì ń lò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, òun ló máa ṣàlàyé ìbéèrè tó kàn.

Ṣé wọ́n kàn lọ ra agbábọ́ọ̀lù ni?

Rárá, ọ̀rọ̀ yìí ló sì ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Netherlands ni wọ́n bí wọn sí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Tahith Chong tó gbá bọ́ọ̀lù fún Manchester United rí ni ẹni tí wọ́n bí sí Willemstad, olú ìlú erékùṣù náà. Àmọ́ òbí àwọn yòókù, tàbí òbí àwọn òbí wọn, ló ti erékùṣù náà wá.

Níbi tí páàsípọ́ọ̀tù kan bá ti bo ikọ̀ púpọ̀, FIFA kì í gba páàsípọ́ọ̀tù nìkan. Agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ní ọ̀kan nínú mẹ́rin: kí wọ́n bí i síbẹ̀, kí wọ́n bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n bí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà rẹ̀ síbẹ̀, tàbí kó ti gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún ó kéré tán.

Ẹni tó ti wọ aṣọ ikọ̀ àgbà ti ibòmíràn ńkọ́? Láti 2020, ó lè yí padà lẹ́ẹ̀kan péré, bí kò bá gbá ju ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta lọ, tó gbá gbogbo rẹ̀ kó tó pé ọmọ ọdún 21, tí ọdún mẹ́ta ti kọjá, tí kò sì sí èyí tó jẹ́ ti Ife Àgbáyé tàbí ti ife ẹ̀yẹ kọ́ńtínẹ́ǹtì nínú wọn. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ nìkan kì í de èèyàn. Ademola Lookman gba ife àwọn tí kò tíì pé ọdún 20 pẹ̀lú England ní 2017, ó sì di ti Super Eagles ní 2022. Ẹnikẹ́ni kò rà á.

Ta ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà?

Dick Advocaat, ọmọ Netherlands, ló kó wọn débẹ̀. Oṣù Kìíní 2024 ló gbaṣẹ́, ọmọ ọdún 78 sì ni nígbà tí wọ́n pegedé. Kò sí ní Kingston lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ẹbí ti gbé e lọ sílé.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fún òun nìkan ní ìyìn. Patrick Kluivert, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Curaçao, ti wà níbẹ̀ ní 2015. Remko Bicentini fi 2–1 na Jàmáíkà gba ife Kàríbíà ní 2017, ó sì kó wọn dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ nínú Gold Cup 2019, ife ẹ̀yẹ Àríwá àti Àárín Amẹ́ríkà pẹ̀lú Kàríbíà. Guus Hiddink náà gbaṣẹ́ ní 2020. Bí irú àwọn wọ̀nyí bá pe ọ̀dọ́kùnrin kan lórí fóònù, yóò gbé e.

Kí ni akọ́nimọ̀ọ́gbá lè kọ́ wọn láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án?

Ìbéèrè tó dùn mọ́ wa jù nìyí. Ẹ wo oṣù Kọkànlá yẹn. Ọjọ́ 10 sí 18 ni kílọ́ọ̀bù yọ̀ǹda àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé tàbí Sunday. Ọkọ̀ òfuurufú láti Amsterdam sí Willemstad ju wákàtí mẹ́sàn-án lọ, aago ibẹ̀ sì fi wákàtí márùn-ún yàtọ̀. Wọ́n ní Bermuda láti gbá ní ọjọ́ 13, Jàmáíkà ní ọjọ́ 18, méjèèjì nílé onílé. Ẹsẹ̀ tó wú àti oorun tó dàrú ló ń jẹ ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ohun tó kù kò ju ìgbaradì bíi méjì tàbí mẹ́ta lọ kí wọ́n tó wọ pápá.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá fẹ́ kí wọ́n máa lé ọ̀tá kiri títí dé ojú ilé rẹ̀ yóò kábàámọ̀. Irú eré bẹ́ẹ̀ gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó mọ́ wọn lára. Bí ẹni méjì bá sáré síwájú tí ẹni kẹta dúró, àlàfo yóò ṣí láàárín àwọn ẹ̀yìn àti àwọn àárín, góòlù sì dé nìyẹn. Ohun tó ṣeé kọ́ ni bí ìlà ẹ̀yìn ṣe máa sún pọ̀, ta ni yóò mú ta bí kọ́nà bá wọlé, àti ẹni tí yóò gbá fíríkíìkì. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà ní ìpele tó kẹ́yìn, góòlù mẹ́ta péré ló wọlé Curaçao. Wọ́n gbá 13 wọlé, méje nínú rẹ̀ sí Bermuda lọ́jọ́ kan.

Ṣé oríire kọ́ ni?

Oríire wà níbẹ̀. Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò ló gbàlejò, nítorí náà wọn ò sí lọ́nà. Ikọ̀ tí yóò lọ ti di 48. Ní Kingston, Jàmáíkà gbá ọ̀pá ní ẹ̀ẹ̀mẹta, rẹfirí sì fún wọn ní pẹnáritì nínú àfikún àsìkò kó tó lọ wo fídíò, tó wọ́gi lé e. Àmọ́ ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò nà nínú mẹ́fà, oríire nìkan kọ́ ló gbé e débẹ̀.

Àwọn ọmọ tó ń dàgbà ní erékùṣù ńkọ́?

Ibi tó ń dùn wá nìyí. Ọmọ Willemstad ń bá ọmọ tó ti ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Netherlands jáde du àyè kan ṣoṣo. Iceland gba ọ̀nà míràn: láti nǹkan bí 2000 ni wọ́n ti ń kọ́ pápá abẹ́ òrùlé nítorí òtútù, wọ́n sì kọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún olùkọ́ títí wọ́n fi gba ìwé àṣẹ UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, tó fi mọ́ àwọn tó ń kọ́ ọmọdé. Nígbà tí Lars Lagerbäck tó kó Super Eagles lọ sí Ife Àgbáyé 2010 di akọ́nimọ̀ọ́gbá Iceland, ó bá ohun tí wọ́n ti gbìn yìí nílẹ̀. Owó tí Curaçao bá rí gbà ní Ife Àgbáyé yẹ kó bá ọ̀nà yìí lọ: olùkọ́, pápá, àti líìgì àwọn ọmọ ọdún 15.

Ẹnìkan ní kí n san owó, òun á fi ọmọ mi sí ikọ̀ erékùṣù kan. Ṣé kí n san án?

Ẹ má san kọ́bọ̀. Bí ọmọ yín kò bá ní òbí tàbí òbí àgbà tí wọ́n bí síbẹ̀, tí kò sì gbé ibẹ̀ rí, kò sí owó tó lè ṣe é. Bó bá ní i, àjọ bọ́ọ̀lù ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń kọ̀wé sí FIFA. Ohun tí ẹ máa mú wá ni ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ, ti òbí àti ti òbí àgbà, kí orúkọ inú wọn bára mu. FIFA kò sì gbà kí wọ́n gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ sí kílọ́ọ̀bù ilẹ̀ òkèèrè, àfi fún ìdí díẹ̀, bí i kí òbí ṣí lọ fún ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Ejẹ́ńtì tòótọ́ ní ìwé àṣẹ FIFA, orúkọ rẹ̀ sì wà lórí ìkànnì wọn. Ẹ wá a níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún gbé ìpè rẹ̀.