Kí ló dé tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì há sórí iyanrìn l'Ékòó ní 1851?

Ìbéèrè: Wọ́n ní kò sí ọmọ ogun ojú omi tó tó ti Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà Ogun Àgídìngbì, ìyẹn ogun tí Gẹ̀ẹ́sì gbé ja Èkó ní 1851. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ọkọ̀ kéékèèké ni wọ́n fi wọ Èkó?

Ìdáhùn: Iyanrìn ni. Ó kún ẹnu ọ̀sà lábẹ́ omi, ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ bá jìn kò lè kọjá. Penelope, ọkọ̀ ńlá ọ̀gá wọn, dúró sójú òkun tòun ti gbogbo àgbá rẹ̀. Bloodhound àti Teaser ló wọlé, pẹ̀lú ọkọ̀ àjẹ̀ lẹ́yìn wọn. Àwọn méjèèjì ní ẹ́ńjìnnì tí ń fi èédú ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè: Kí ni ẹ́ńjìnnì ṣe tí ìgbòkun kò lè ṣe?

Ìdáhùn: Atẹ́gùn ni ọ̀gá ọkọ̀ onígbòkun; nínú ọ̀sà tóóró, bí atẹ́gùn bá kọ̀, ó tán. Ẹlẹ́ńjìnnì a máa lọ, a sì máa padà sẹ́yìn bó ṣe wù ú. Bloodhound ní kẹ̀kẹ́ ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì tó fi ń gbá omi, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ yẹn ń gba àyè àgbá, ọta sì lè fọ́ ọ. Ti Teaser, tó dà bí abẹ̀bẹ̀, ń yí lábẹ́ omi nídìí ọkọ̀, níbi tí ọta kì í sábà dé. Ní oṣù Kẹrin 1845, Gẹ̀ẹ́sì so ọkọ̀ Rattler tí tirẹ̀ ń yí nídìí mọ́ ọkọ̀ Alecto ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, ìdí kọ ìdí, bí ọmọ iléèwé tó ń fa okùn. Kẹ̀kẹ́ Alecto ń gbá omi síwájú, Rattler sì ń wọ́ ọ lọ sẹ́yìn. (Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: wọ́n ti gba ti onídìí-yíyí tẹ́lẹ̀, àṣehàn ni ọjọ́ yẹn.)

Ìbéèrè: Ṣé ẹ̀rọ wọ̀nyí ló ṣẹ́gun Kòsọ́kọ́, ọba Èkó?

Ìdáhùn: Wọn ò dá a ṣe. Kòsọ́kọ́ ti ri igi mọ́ inú ọ̀sà, ó sì to àgbá sétí omi. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kejìlá, Teaser há sórí iyanrìn níbi tí àgbá Èkó ti ń bà á. Bloodhound náà há. Ó di dandan kí atukọ̀ bọ́ sílẹ̀ lọ pa àgbá wọ̀nyẹn lẹ́nu mọ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti ṣubú. Nígbà tí ogun parí, 16 ló kú nínú Gẹ̀ẹ́sì, 75 sì fara gbọgbẹ́. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n yìn lọ́jọ́ kejì ló dáná sun ìlú, ni Kòsọ́kọ́ bá sá gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú.

Wọ́n fi Akíntóyè, tí Kòsọ́kọ́ ti lé kúrò lórí oyè, jọba padà. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1852 tí àdéhùn òun àti Gẹ̀ẹ́sì yóò wáyé, inú Penelope ni wọ́n ti fọwọ́ sí i, lẹ́yìn iyanrìn.