Bí Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Paralegal Ṣe Ń Lọ

Paralegal kì í ṣe lọ́yà, kì í sì í ṣe akọ̀wé lásán. Abẹ́ lọ́yà ló ti sábà máa ń ṣiṣẹ́: ó ń wá ìdájọ́ àtẹ̀yìnwá tó bá ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ mu, ó ń kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ kí lọ́yà tó yẹ̀ ẹ́ wò kó sì fọwọ́ sí i, ó sì ń to ẹ̀rí jọ sínú fáìlì. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kò gbọ́dọ̀ gba oníbàárà nímọ̀ràn lórí òfin, kò sì gbọ́dọ̀ dìde rojọ́ níwájú adájọ́. Ààlà yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ náà dá lé.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ iṣẹ́ náà yàtọ̀ síra. Ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, àtọdún 2007 ni ẹgbẹ́ tó ń darí àwọn lọ́yà ti ń darí iṣẹ́ paralegal pẹ̀lú, ó sì ń fún wọn ní ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá ní in lè dá rojọ́ ní ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré. Ní Amẹ́ríkà, kò sí ìwé àṣẹ kan tó kárí orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ ń lo ọdún méjì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹni tó ti ní dìgírì nínú nǹkan mìíràn lè gba ìwé ẹ̀rí láàárín oṣù díẹ̀. American Bar Association, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà, máa ń fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ paralegal tó bá kún ojú òṣùwọ̀n. Kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n àwọn agbanisíṣẹ́ kan ń béèrè rẹ̀, ó sì yẹ kéèyàn wádìí kó tó san owó ilé ìwé.

Nínú kíláàsì, wọ́n ń kọ́ òfin àdéhùn, ìwádìí òfin, ìwé kíkọ àti ìlànà ilé ẹjọ́. Ìlànà ilé ẹjọ́ yìí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ làágùn. Ẹ wo ọjọ́ kíkà nìkan: ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ọjọ́ 21 ni olùjẹ́jọ́ sábà máa ń ní láti fèsì. Bí wọ́n bá fi ìwé lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù, wọn kò ní ka ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ kejì ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì parí sí ọjọ́ 22. Bí ọjọ́ 22 bá bọ́ sí Sátidé, ó di Mọ́ńdè, àyàfi bí Mọ́ńdè bá jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Ẹni tó bá ṣì í kà lè mú kí wọ́n dá ẹjọ́ oníbàárà láì gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ìwà iṣẹ́ kò gba ìwé púpọ̀, àmọ́ òun ló ń dán èèyàn wò jù. Oníbàárà á pè: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gba owó tí wọ́n fi lọ̀ mí yìí kí ẹjọ́ lè parí?” Paralegal lè mọ èsì rẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, ohun tó lè sọ kò ju pé “Màá fi tó lọ́yà létí, wọ́n á pè yín padà” lọ.

Lẹ́nu ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ àkókò iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́fà mẹ́fà, ìdá kan nínú mẹ́wàá wákàtí, torí ibẹ̀ ni owó tí oníbàárà máa san ti ń wá. Ẹni tó bá tún fẹ́ lè ṣe ìdánwò NALA, ẹgbẹ́ àwọn paralegal ní Amẹ́ríkà, láti gba oyè Certified Paralegal. Láti di oyè náà mú, yóò máa fi ẹ̀kọ́ wákàtí 50 kún ìmọ̀ rẹ̀ ní ọdún márùn-ún márùn-ún, márùn-ún nínú wákàtí náà sì jẹ́ ti ìwà iṣẹ́.