Bí owó ìnhélà alápapọ̀ ṣe ń dé ọrùn aláìsàn l'Amẹ́ríkà

Ìnhélà alápapọ̀ ni èyí tí òògùn méjì tàbí mẹ́ta wà nínú ike kan ṣoṣo. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀kan ń dẹ iṣan tó fún ọ̀nà èémí pọ̀, òmíràn jẹ́ sìtẹ́rọ́ìdì tó ń mú kí ibi tó wú nínú ọ̀nà èémí rọlẹ̀. Méjì ló wà nínú Advair àti Symbicort, mẹ́ta ló wà nínú Trelegy àti Breztri. Ojoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ní COPD, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí kì í lọ, ń lò ó, torí náà oṣooṣù ni owó rẹ̀ ń padà wá.

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Sẹ́nétọ̀ Bernie Sanders àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ìlera Sẹ́nétì kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe ìnhélà. Wọ́n ní Breztri tí wọ́n ń tà ní $645 l'Amẹ́ríkà, $49 ni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Combivent Respimat tó jẹ́ $489, $7 ni nílẹ̀ Faransé.

Kí ló fà á? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọdún 2000 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Advair. Pátẹ́ǹtì orí àpapọ̀ òògùn inú rẹ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe irú rẹ̀, parí ní 2010, àmọ́ ike Diskus tí wọ́n fi ń fà á ní pátẹ́ǹtì tirẹ̀, ìyẹn ò sì parí títí di 2016. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe jẹ́nẹ́ríìkì, ìyẹn ẹ̀dà òògùn náà láti ilé iṣẹ́ míràn, tún gbọ́dọ̀ fi hàn pé ike tòun náà ń gbé òògùn dé inú ẹ̀dọ̀fóró bákan náà, iṣẹ́ tó le ju ṣíṣe òògùn oníhóró lọ fíìfíì. Ọdún 2019 ni Wixela, jẹ́nẹ́ríìkì Advair Diskus àkọ́kọ́, tó gba àṣẹ. Ti Symbicort, Breyna, kò dórí igbá títí di 2023.

Lẹ́yìn lẹ́tà Sanders, AstraZeneca tó ń ṣe Breztri àti Boehringer Ingelheim tó ń ṣe Combivent kéde pé láti oṣù kẹfà 2024, aláìsàn ò ní san ju $35 lóṣù lórí ìnhélà àwọn. GSK, tó ń ṣe Advair, náà ṣe tirẹ̀, ó pẹ́ tán ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Ìròyìn ayọ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kó dé jù lọ ni kò dé. Ẹni tó ní adójútòfò láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, tàbí ẹni tí kò ní rárá, ló wà fún. Ẹni tó wà lórí Medicare (adójútòfò ìlera ìjọba tó wà fún àwọn àgbàlagbà ní pàtàkì) tàbí Medicaid (ti àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan) kò lè jẹ nínú rẹ̀, torí pé bí ilé iṣẹ́ òògùn bá bá ẹni tí ìjọba ń san tirẹ̀ dín owó òògùn kù, òfin kà á sí ohun tó jọ rìbá. Òfin náà nídìí: ilé iṣẹ́ lè fi ẹ̀dínwó fa aláìsàn mọ́ òògùn olówó gọbọi, kí ìjọba wá máa san ìyókù. Síbẹ̀, àwọn àgbàlagbà ni COPD ń bá fínra jù, àwọn náà ló sì wà lórí Medicare. Ó dunni pé àwọn gan-an ló ṣubú sí ìta.

Part D ni Medicare fi ń san owó ìnhélà: ó jẹ́ apá tó wà fún òògùn, ilé iṣẹ́ adójútòfò aládàáni ló ń ṣe àwọn ètò inú rẹ̀, èèyàn á sì yan ọ̀kan. Òfin tí Ààrẹ Biden fọwọ́ sí ní 2022 ti fi òpin sí ohun tí ẹnì kan lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ san lórí òògùn lọ́dún kan: $2,000 ní 2025, $2,100 ní 2026. Tó bá ti pé, ó di ọ̀fẹ́ títí ọdún á fi yípo. Ẹni tí owó ìbẹ̀rẹ̀ ọdún bá wọ̀ lọ́rùn lè ní kí wọ́n pín in sí oṣooṣù, kò sì sí èlé lórí rẹ̀.

Àmọ́ òògùn tó wà nínú ìwé àkójọ ètò tí èèyàn yàn nìkan ni wọ́n ń kà mọ́ òpin yẹn. Àwọn ètò kì í ní àkójọ kan náà: òmíràn á mú Symbicort, á fi Breyna sílẹ̀, òmíràn á ní kí èèyàn kọ́kọ́ lo èyí tí owó rẹ̀ kéré kó tó gba Trelegy. Bí ìnhélà tó bá ara aláìsàn mu kò bá sí níbẹ̀, kí dókítà kọ̀wé ṣàlàyé ìdí tí èyí tó wà níbẹ̀ kò fi lè ṣe é. Wákàtí 72 ni ètò náà ní láti dáhùn, wákàtí 24 tó bá jẹ́ pàjáwìrì. Láàárín ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá sí ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ni èèyàn lè pààrọ̀ ètò, ó sì yẹ kí a tún àkójọ náà yẹ̀ wò lọ́dọọdún, torí wọ́n máa ń yí i padà.

Bí èémí àgbàlagbà kò bá lágbára tó láti fa ìnhélà oníyẹ̀fun, òògùn olómi inú nẹ́búláísà, ẹ̀rọ tó ń sọ òògùn di ìkùukùu tí èèyàn á máa mí sínú, wà. Part B, apá Medicare tó wà fún ìtọ́jú dókítà àti ẹ̀rọ ìlera tí à ń lò nílé, ló ń san ìyẹn: lẹ́yìn owó tí aláìsàn máa kọ́kọ́ san lọ́dún, Medicare á san ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, aláìsàn á san ìdá 20.

Trelegy àti Breo, ìnhélà alápapọ̀ míràn, wà lára òògùn 15 tí Medicare yàn ní 2025 láti dúnàádúrà lé lórí. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2027 ni wọ́n dá fún iye tuntun wọn láti bẹ̀rẹ̀, òfin sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ètò Part D láti fi irú òògùn bẹ́ẹ̀ sínú àkójọ wọn.