Àmì ẹ̀yẹ kún ògiri, ṣé ó kún àpò?

Ó ti di nǹkan tí a ń rí léraléra. Fídíò kan á jáde, àgbà òṣèré tí a ti mọ̀ láti kékeré á jókòó sórí àga, ojú ti jìn, ohùn ti lọ sílẹ̀, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ Nàìjíríà ṣàánú àwọn, owó ilé ìwòsàn ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn wọn, lára ògiri, àmì ẹ̀yẹ tò lọ rẹrẹ: ti gíláàsì, ti pákó, èyí tí òǹtẹ̀ ìjọba wà lára rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn èèyàn á ti bẹ̀rẹ̀: "Gbogbo owó àwọ́ọ̀dù tí bàbá yìí ti ń gbà látọjọ́ yìí dà? Ṣebí ìjọba àpapọ̀ fún wọn ní MFR?" Ẹlòmíràn á ní obìnrin ni wọ́n kó o fún.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: kò sí owó nínú MFR, oyè tí ìjọba àpapọ̀ fi ń dá èèyàn lọ́lá. Kò sí nínú Oscar, àmì ẹ̀yẹ fíìmù ti Amẹ́ríkà. Kò sì sí nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn tí wọ́n gbé kọ́ ògiri yẹn.

Òfin ọdún 1964 ló dá àwọn oyè orílẹ̀-èdè wa sílẹ̀, láti orí MON tó kéré jù títí dé GCFR tó wà fún àwọn ààrẹ. Ẹni tí wọ́n bá fi dá lọ́lá, mẹ́dàlì àti ìwé ẹ̀rí ló ń gbé lọ sílé, pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n á máa kọ sẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Owó oṣù kò sí níbẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì kò sí níbẹ̀, ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ kò sí níbẹ̀. (Èyí tó ń bá owó rìn ni NNOM, ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti onímọ̀. Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá.)

Ẹ wo Bàbá Lérè Páímọ́, Ẹ̀dá Onílé Ọlá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti wà lórí ìtàgé láti ayé ẹgbẹ́ Dúró Ládiípọ̀. Ààrẹ Ọbásanjọ́ fún bàbá ní MFR lọ́dún 2005. Nígbà tó di 2014, lẹ́yìn tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti bá wọn fínra, wọ́n lọ jókòó síwájú kámẹ́rà nínú ètò Who Wants to Be a Millionaire, wọ́n ń dáhùn ìbéèrè bí ọmọ ilé ìwé, wọ́n sì gba mílíọ̀nù kan náírà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mẹ́dàlì yẹn ti wà nílé. Ìbéèrè orí tẹlifíṣọ̀n ló mú owó wá.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti ń wá, n kò sì dá àwọn èèyàn lẹ́bi. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ló kó wa sí i. Ní oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí Super Eagles ti ìdíje ife Áfíríkà ní Ivory Coast dé pẹ̀lú ipò kejì, Ààrẹ Tinúbú fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní MON, ó fún wọn ní ilé kọ̀ọ̀kan, ó tún fún wọn ní ilẹ̀ ní Àbújá. Ní oṣù keje ọdún 2025, àwọn obìnrin Super Falcons gba ife Áfíríkà, wọ́n gba oyè OON, ilé, àti náírà tó tó ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kan náà, ẹnu kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti jáde, ta ni kò ní rò pé inú oyè ni ilé ti wá? Ẹ̀bùn ààrẹ ni ilé yẹn. Ó lè fún ẹni tó wù ú, kó má fún ẹni tí kò wù ú. Oyè nìkan ló wà nínú òfin. Òṣèré tó gbà á lọ́dún tí bọ́ọ̀lù ò sí, mẹ́dàlì lásán ló bá dé ilé.

Ohun kejì tó ń ṣì wá lọ́nà ni Nobel, ẹ̀bùn àgbáyé. Láti ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ti gbà á ní 1986, tí a sì gbọ́ pé owó ńlá ń bá a rìn, ni a ti ń rò pé bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ tí NLNG, ilé iṣẹ́ gáàsì, ń fún ni, tó jẹ́ 100,000 dọ́là, tún fi kún un. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé nìyẹn ń dé o. Ẹni tó há eré náà sórí, tó sunkún lórí ìtàgé títí omi ojú fi gbẹ, kò kàn án.

Oscar ńkọ́? Ère idẹ tí wọ́n fi wúrà bò ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 4. Wọn kì í fi sọ̀wédowó há a lábẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó gbà á kò lè dédé tà á: láti 1950 ni ẹgbẹ́ tó ń fún ni ti ń mú kí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tà á, àwọn ni kó kọ́kọ́ fi lọ̀. Iye tí wọ́n á san báyìí ni dọ́là 1.

Harold Russell ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Sójà Amẹ́ríkà ni, ó pàdánù ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nígbà ogun. Lọ́dún 1947, wọ́n fún un ní Oscar méjì lórí ipa kan ṣoṣo tó kó nínú fíìmù, ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí òṣèré mìíràn. Nígbà tó di 1992, ara ìyàwó rẹ̀ kò yá, ìwé owó ìtọ́jú tó máa san ń wọlé lọ́tùn-ún lósì, ó gbé ọ̀kan nínú ère náà lọ sí gbàǹjo, wọ́n sì rà á ní 60,500 dọ́là. Torí pé ó gbà á ṣáájú 1950 ló ṣe rí i tà.

Ti Hattie McDaniel tiẹ̀ tún le. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba Oscar, ní 1940, lálẹ́ tí wọ́n fi í jókòó sí tábìlì ọ̀tọ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ipa ọmọ ọ̀dọ̀ kan náà ni wọ́n ṣì ń fún un. Nígbà tó kú ní 1952, gbèsè owó orí tó jẹ ju ohun tó fi sílẹ̀ lọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Yorùbá ló ń bi irú ìbéèrè yìí. Nílẹ̀ wa, ta ló jẹ oyè rí tó jèrè lọ́jọ́ ìwúyè? Ẹni tó ń jẹ oyè ló ń ra màlúù, òun ló ń ra aṣọ, òun ló ń san owó oyè, òun náà ló ń ṣẹ́ owó tuntun tí yóò lẹ̀ mọ́ onílù níwájú orí. Onílù tó ń kì ọ́ kò gbówó wá fún ọ. Àpò rẹ ni gángan rẹ̀ ń wò. Bákan náà ni alẹ́ àwọ́ọ̀dù rí. Òṣèrébìnrin ló máa sanwó télọ̀, sanwó ẹni tó kun ojú fún un, sanwó mọ́tò àti òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn olùṣètò kan tún wà tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n fẹ́ dá lọ́lá ni wọ́n máa ń bu owó ètò lé lórí. Mo ti rí irú lẹ́tà wọn rí: ìlà kìíní, "a kí yín kú oríire", ìlà kẹta, nọ́ńbà àkáǹtì.

N kò sọ pé àmì ẹ̀yẹ kò wúlò. Ó lè gbé iye tí wọ́n ń pe òṣèré sókè, ó lè jẹ́ kí ilé iṣẹ́ ọṣẹ tàbí ti ọtí wá a fún ìpolówó. Àmọ́ ìgbà tí ara ṣì le nìyẹn ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò lè dìde mọ́, kí ni yóò fi owó iṣẹ́ tó ga ṣe?

Ibi tí owó wà ni àdéhùn, àti ẹni tó ni iṣẹ́ náà. Ní 1960, àwọn òṣèré Amẹ́ríkà daṣẹ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba owó tí wọ́n ń rí nígbàkígbà tí fíìmù wọn bá tún hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, ibẹ̀ náà ni ètò ìfẹ̀yìntì wọn ti bẹ̀rẹ̀. Èyí ló ń bọ́ àgbà òṣèré lọ́hùn-ún, bó gba Oscar, bí kò gbà á. Níbí, owó ẹ̀ẹ̀kan ni: o ṣeré, wọ́n kówó fún ọ, ó tán.

Hubert Ògúndé mọ èyí. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni, owó ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ ni, nígbà tó sì yá, fíìmù tirẹ̀ ni. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1964 nítorí eré rẹ̀, Yorùbá Ronú, tí wọn kò sì gbé òfin náà kúrò títí di 1966, ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an ni wọ́n tì. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, náà mọ̀ ọ́n: ó náwó rẹpẹtẹ sórí fíìmù Ọ̀run Móoru ní 1982, àwọn olè dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á káàkiri, gbèsè ló kù sí i lọ́rùn. Orúkọ wà o, kò sí ilé tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n.

Torí náà, nígbà tí fídíò mìíràn bá tún jáde, ẹ fi ògiri bàbá sílẹ̀. Ẹ lọ sórí YouTube, ẹ wá fíìmù tí wọ́n ṣe ní ogún ọdún sẹ́yìn, ẹ wo iye èèyàn tó ti wò ó, kí ẹ sì béèrè ẹni tí owó ìpolówó orí rẹ̀ ń wọ àpò rẹ̀.