Ọ̀nà Tí Oúnjẹ Ń Gbà Di Ara: Àlàyé Fún Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì Tó Ń Múra Ìdánwò Káńsù

Nínú ìdánwò Káńsù, èyí tí àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń ṣe, ìbéèrè lórí oúnjẹ kì í sábà jẹ́ pé kí ni fítámì A wúlò fún. Èèyàn kan ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀: ọmọ ọdún méjì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, aláboyún tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, bàbá tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó gba abẹ́rẹ́ insulin tán tí kò jẹun, tí òógùn tútù wá bò wọ́n. Wọ́n á wá ní, kí ni nọ́ọ̀sì máa kọ́kọ́ ṣe? Ìdáhùn tó wà níbẹ̀ lè jẹ́ mẹ́rin, kí gbogbo wọn sì jọ òótọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó há orúkọ èròjà sórí nìkan kò ní mọ èyí tí òun máa mú. Èyí tó mọ iṣẹ́ tí èròjà kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú ara á mọ ohun tó máa bàjẹ́ bí kò bá sí, á sì mọ ohun tí kò ṣeé fi falẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àwo àmàlà kan, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, ewédú àti ẹran, irú èyí tí èèyàn máa ń rí jẹ lọ́sàn-án káàkiri Ìlọrin. Àmàlà ni èròjà afúnnilókun. Itọ́ ẹnu ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, àmọ́ inú ìfun kékeré ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù, níbi tí omi tó ń ti inú pancreas, ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn àpòlúkù, wá ti ń sọ ọ́ di glucose, ìyẹn ṣúgà. Glucose á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, á gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, insulin á sì jẹ́ kí iṣan ara rí i lò. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ̀dọ̀ á tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀wà inú gbẹ̀gìrì àti ẹran ni amúaradàgbà. Omi kíkan inú àpòlúkù ló ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn, ìfun á parí rẹ̀, wọ́n á sì di amino acid tí ara fi ń kọ́ iṣan, ẹ̀jẹ̀ àti awọ. Epo pupa inú ọbẹ̀ kò lè wọlé láìsí òróòro tó ń ti ẹ̀dọ̀ wá. Ibí yìí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró díẹ̀: fítámì A, D, E àti K ọ̀rá ni wọ́n ń bá rìn. Aláìsàn tí ọ̀nà òróòro rẹ̀ bá dí kò ní rí fítámì K gbà dáadáa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì ní tètè dì. Bí ìdánwò bá wá béèrè ohun tí nọ́ọ̀sì máa ṣọ́ lára ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n nítorí òróòro tó dí, ìdáhùn ni ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn láìdá.

Ìṣirò agbára oúnjẹ kò le. Gíráàmù kan afúnnilókun ń mú kálórì 4 wá, amúaradàgbà 4, ọ̀rá 9, ọtí líle 7. Oúnjẹ tó bá ní gíráàmù 60 afúnnilókun, 20 amúaradàgbà àti 10 ọ̀rá, kálórì 240, 80 àti 90 ni, àpapọ̀ rẹ̀ 410.

Ká padà sọ́dọ̀ bàbá tí òógùn tútù bò. Insulin ti ń ṣiṣẹ́, oúnjẹ kò sì sí, nítorí náà ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti já wálẹ̀. Bó bá ti wà lábẹ́ 70 mg/dl, tí bàbá sì lè gbé nǹkan mì, ṣúgà tó máa yára wọ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n nílò, bíi gíráàmù 15: ìlàjì ife mínírà tàbí ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin ṣúgà tí wọ́n pò mọ́ omi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí nọ́ọ̀sì tún wọ̀n ọ́n. Àwọn ìdáhùn tó máa ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ ni wàrà dídì, ẹ̀pà àti ẹ̀wà, torí oúnjẹ tó dára ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rá àti amúaradàgbà kì í yára kúrò nínú àpòlúkù, àkókò sì ni bàbá kò ní. Wọ́n á jẹ ìyẹn bí ṣúgà bá ti gòkè. Bí bàbá bá ti dákú, ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ gba ẹnu wọn wọlé.

Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi àkókò tó pọ̀ sí jù, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀mí ti tètè ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó rò pé oúnjẹ púpọ̀ ni oògùn ebi. Nọ́ọ̀sì á fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ orí ẹsẹ̀ ọmọ náà, ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà, fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, á sì gbé e kúrò. Bí ibi tó tẹ̀ bá jìn wọlé tí kò tètè dìde ní ẹsẹ̀ méjèèjì, àìjẹunrekánú tó le ni, kódà bí ìwúwo ọmọ náà bá dà bíi pé ó tó. Omi ló ń wọ̀n lórí ìwọ̀n, kì í ṣe ẹran ara. Lára ohun tó ń fà á ni pé albumin, amúaradàgbà tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe láti fi dá omi dúró sínú ẹ̀jẹ̀, ti dín kù. Èyí ni wọ́n ń pè ní kwashiorkor: irun á pọ́n, á sì máa tú, awọ ara á máa bó, ọmọ á máa sunkún, kò ní fẹ́ jẹun. Marasmus, irú àìjẹunrekánú kejì, ní tirẹ̀ kò ní wíwú nínú. Ọmọ náà á gbẹ, ojú rẹ̀ á dà bíi ti arúgbó, awọ ìdí á máa ṣọ̀, ebi á sì máa pa á gan-an. Okùn tí wọ́n fi ń wọn apá òkè wà fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí oṣù 59: tó bá wà lábẹ́ 11.5 sẹ̀ntímítà, ó ti le, láti 11.5 títí dé abẹ́ 12.5, ó wà láàárín.

Ara ọmọ tí ebi ti bá jà fún ìgbà pípẹ́ ti dín gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kù kó má baà kú. Ọkàn ń lù díẹ̀díẹ̀, kídìnrín kò lè yọ iyọ̀ dànù dáadáa, sodium, èròjà inú iyọ̀, ti pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, potassium, èròjà tí ọkàn nílò láti lù dáadáa, ti dín. Bí wọ́n bá fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní oúnjẹ tó wúwo lójijì, insulin á gòkè, á sì fa phosphate àti potassium kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ọkàn tó ti rẹ̀ kò ní lè gbé e. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú F-75, mílíìkì ìtọ́jú kan tó ní kálórì 75 péré nínú mìlílítà 100, tí amúaradàgbà rẹ̀ kò sì pọ̀, díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, tọ̀sán-tòru. Ìgbà tí wíwú bá ti ń wálẹ̀ tí ọmọ sì ti ń fẹ́ jẹun ni F-100, mílíìkì tó lágbára jù ú lọ, tàbí oúnjẹ inú sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ẹ̀pà ṣe máa wọlé. Kí gbogbo ìyẹn tó dé, ohun méjì ló ń pa ọmọ náà ní òru: ṣúgà ẹ̀jẹ̀ tó já àti òtútù. Nítorí náà, bí wọ́n bá béèrè ohun àkọ́kọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa ṣúgà àti gbígbé ọmọ sí àyà ìyá rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìbora. Iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ni ìdáhùn tí kò yẹ kó mú ní ìpele yìí. Àrùn ti wà lára ọmọ náà, àwọn kòkòrò àrùn sì ń jẹ iron. Ọmọ gbọ́dọ̀ ti ń sanra kí wọ́n tó fi kún un.

Ní ilé, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti sábà ń bẹ̀rẹ̀ ni ògì. Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ọyàn nìkan ló tó, láìsí omi, láìsí àgbo. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀kọ mímu máa ń wọlé, yálà ti àgbàdo tàbí ti ọkà bàbà tí wọ́n ń gbìn dáadáa ní Kwara. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á rẹ ọkà, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi aṣọ sẹ́ ẹ, èérí á wà lókè aṣọ, wọ́n á sì kó èérí náà fún ewúrẹ́. Nínú èérí yẹn ni púpọ̀ lára amúaradàgbà àti àwọn èròjà mìíràn bá lọ. Kíkan tí ògì ń kan dára, nítorí ó ń dín ohun tó ń di iron lọ́wọ́ nínú ọkà kù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pò ó kó ṣàn kí ọmọ lè tètè mu ún, omi ló pọ̀ jù nínú àpòlúkù kékeré náà. Ìmọ̀ràn tó yẹ kí nọ́ọ̀sì fún ìyá kò ju kí ó jẹ́ kí ó ki díẹ̀, kí ó fi ẹ̀pà lílọ̀ tàbí sóyà sí i, kí ó kán epo pupa sí i, kí ó fi edé tàbí ẹja gbígbẹ lílọ̀ sí i bó bá rí. Wàrà àti wàrà sóyà tí wọ́n ń tà káàkiri Ìlọrin ń fún ọmọ ní amúaradàgbà láìjẹ́ pé wọ́n ra ẹran. Àmọ́ kí ìyá tún un sè dáadáa kó tó fún ọmọ, torí inú omi rẹ̀ ni ó ti ń wà látàárọ̀ lórí igbá.

Aláboyún tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun: bí hemoglobin rẹ̀, ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀, bá wà lábẹ́ 11 g/dl, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Iron inú ẹran, ẹ̀dọ̀ àti ẹja máa ń tètè wọ ara ju ti ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ lọ, fítámì C sì ń ran ti ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀wà kí ó fi ọsàn lé e. Tíì ń dí i lọ́nà, bẹ́ẹ̀ náà ni wàrà àti mílíìkì, nítorí calcium inú wọn. Nígbà náà, bí aláboyún bá béèrè ohun tí òun máa fi lo oògùn iron, omi ọsàn ni, kì í ṣe tíì òwúrọ̀. Kí nọ́ọ̀sì sọ fún un ṣáájú pé ìgbẹ́ rẹ̀ á dúdú, kí ẹ̀rù má bà á kó sì jáwọ́. Folic acid, fítámì B kan tí wọ́n ń fi kún un, ní iṣẹ́ tirẹ̀: ọ̀pá tó máa di ọpọlọ àti okùn inú egungun ẹ̀yìn ọmọ inú oyún ti máa ń pa dé láàárín ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún bá dúró, ìyẹn kí ọ̀pọ̀ obìnrin tó mọ̀ pé àwọn lóyún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́, kí ó tó lóyún. Aláìsàn SS náà ní àìtó ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n fífọ́ ni ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ń fọ́. Folic acid ló nílò. Iron tí kò nílò lè kún ara rẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára.

Àwọn fítámì tó kù kò gba àlàyé gígùn. A tí kò tó ń jẹ́ kí ojú má ríran ní àṣálẹ́. Kápúsù 100,000 IU ni ti ọmọ oṣù mẹ́fà sí oṣù 11, 200,000 IU ni ti ọmọ ọdún kan títí di kó tó pé ọdún márùn-ún, lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn ní A púpọ̀, èyí tí inú rẹ̀ funfun kò ní in tó bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè Ọ̀fà, níbi tí ọ̀dùnkún ti jẹ́ oúnjẹ ilé, máa sọ ìyàtọ̀ yẹn fún àwọn ìyá. D tí kò tó ń tẹ̀ egungun ọmọ, C tí kò tó ń jẹ́ kí èrìgì ṣẹ̀jẹ̀. Niacin, fítámì B kan, tí kò bá tó ń fa awọ tó ń bó níbi tí oòrùn ń pa, ìgbẹ́ gbuuru àti orí tó dàrú, lára ẹni tó jẹ́ pé àgbàdo nìkan ló ń jẹ. B1 ni kí wọ́n fún ọ̀mùtí kí glucose tó wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọpọlọ rẹ̀ lè bàjẹ́. Iodine tí kò tó ń fa gẹ̀gẹ̀, láfún tí wọn kò rẹ dáadáa sì ń fi kún un, torí majele tó kù nínú rẹ̀ ń dí iodine lọ́nà.

Fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, iyọ̀ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, kí wọ́n sì ka magí àti irú oníyọ̀ mọ́ ọn. Ti kídìnrín ló máa ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ ṣubú. Aláìsàn kídìnrín tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ dín amúaradàgbà kù, èyí tó ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní láti jẹ ẹ́ sí i, torí ẹ̀rọ náà ń fà á lọ. Potassium inú iṣu, tí kídìnrín bẹ́ẹ̀ kò lè yọ dáadáa, á dín bí wọ́n bá gé e wẹ́wẹ́, tí wọ́n sè é nínú omi púpọ̀, tí wọ́n sì da omi náà nù. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ní tirẹ̀, ẹ̀fọ́ ló kàn án. Fítámì K inú tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ń bá oògùn náà jà, ṣùgbọ́n kí nọ́ọ̀sì má sọ pé kó jáwọ́ nínú ẹ̀fọ́. Kí ó sọ pé kí ó máa jẹ ìwọ̀n kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí lórí ìwọ̀n tó ti ń jẹ ni dókítà fi wọn oògùn rẹ̀.