Kí ni àwo àkójọ? Ẹ wo ti Black Sabbath

Bí ẹ bá wá Black Sabbath, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan láti ilẹ̀ England, lórí Spotify, ó ṣeé ṣe kí The Ultimate Collection wà lára ohun tó máa kọ́kọ́ yọjú sí yín. Ọdún 2016 ni wọ́n gbé e jáde, orin 31 ló wà nínú rẹ̀, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ jọ ti àwo tí èèyàn gbọ́ tán, tó ti gbọ́ gbogbo Black Sabbath nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwo 19 ni ẹgbẹ́ yìí wọ sitúdíò ṣe láàárín 1970 sí 2013. Inú 8 àkọ́kọ́ ni gbogbo orin 31 yẹn ti wá. 11 tó kù, ẹ ò ní gbúròó wọn níbẹ̀.

Àwo àkójọ ni irú àwo tí wọ́n máa ń fi orin tó ti jáde tẹ́lẹ̀ ṣe. Ẹgbẹ́ olórin kì í wọ sitúdíò nítorí rẹ̀. Ẹnì kan, tó sábà máa ń jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, á ṣa orin láti inú àwo oríṣiríṣi, á tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, á wá fún wọn ní orúkọ àti páálí tuntun. Ó yàtọ̀ sí àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo, tí ariwo òǹwòran ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí àpótí tí wọ́n kó odindi àwo mẹ́rin tàbí mẹ́jọ sí láìyọ orin kankan. Kò sì jọ mixtape àwọn DJ Alaba, nítorí DJ á gé orin, á so ó mọ́ òmíràn, á tún máa pariwo orúkọ ara rẹ̀ lé e lórí. Nínú àwo àkójọ, orin kọ̀ọ̀kan sábà máa ń wà bó ṣe wà nígbà tó kọ́kọ́ jáde.

Àwọn àkójọ kan ò fẹ́ ju orin tó ròkè lórí àtẹ lọ. Irú èyí tí mò ń sọ níbí fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀: ó ní òun á mú olùgbọ́ rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹgbẹ́ kan dé ìparí rẹ̀. Fún Black Sabbath, irú kejì yìí nìkan ló mọ́gbọ́n wá. Síngù, ìyẹn orin tí wọ́n tẹ̀ tà lọ́tọ̀, kọ́ ni iṣẹ́ wọn. Paranoid ló gòkè jù nínú síngù wọn ní Britain, ipò kẹrin ní 1970, àwọn yòókù kò sì dé ibẹ̀ mọ́. Odindi àwo ni àwọn olólùfẹ́ wọn ń rà.

Aston ni wọ́n ti wá, àdúgbò kan ní Birmingham nílẹ̀ England, ìlú àwọn òṣìṣẹ́ irin. Ọdún 1968 ni wọ́n kóra jọ: Ozzy Osbourne ń kọrin, Tony Iommi ń ta gìtá, Geezer Butler ń ta báàsì, Bill Ward ń lu ìlù. Wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ Polka Tulk Blues Band, wọ́n jẹ́ Earth, kí wọ́n tó di Black Sabbath ní 1969. Kí wọ́n tó kóra jọ yẹn, Iommi ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ irin pẹlẹbẹ. Ọmọ ọdún 17 ni, ọjọ́ tó yẹ kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ gé orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni Iommi, èyí tó túmọ̀ sí pé ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló fi ń tẹ okùn gìtá. Ó yọ́ ìgò oníke, ó fi mọ ohun tó lè dé orí ìka náà, ó lẹ awọ mọ́ ọn, ó sì lọ wá okùn tó fẹ́lẹ́ kó má baà máa dùn ún. Nígbà tó yá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn ọ̀hún sílẹ̀.

Àkójọ tó dáa máa ń jẹ́ kí etí gbọ́ irú nǹkan báyìí. Ẹ gbọ́ Iron Man, láti inú àwo kejì wọn, Paranoid, tó jáde ní September 1970. Gìtá ibẹ̀ wà ní ìwọ̀n tí gbogbo onígìtá máa ń tún tirẹ̀ sí. Ẹ wá gbọ́ Children of the Grave, láti inú Master of Reality ti 1971. Okùn ti wálẹ̀ ní ìdajì ohùn mẹ́ta, ohùn gìtá ti ki, báàsì náà ti bá a lọ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ wá wúwo bí ẹni ń wọ́ irin nílẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ àwo kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ lè má fura sí i. Nígbà tí méjèèjì bá wà nínú àwo kan náà, tí orin díẹ̀ péré pààlà láàárín wọn, kò sí bí etí ò ṣe ní gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa gbọ́ Changes, láti inú Vol. 4 ti 1972, tí kò ní gìtá rárá. Iommi ló jókòó sídìí dùùrù nínú rẹ̀. Orin tó sì ṣí àwo àkọ́kọ́ wọn, tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, òjò àti aago ṣọ́ọ̀ṣì ló fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gìtá wọlé pẹ̀lú ohùn mẹ́ta péré, tí ẹ̀kẹta wọn jìnnà sí àkọ́kọ́ ní ìwọ̀n tí àwọn olórin Yúróòpù àtijọ́ so orúkọ Sátánì mọ́. Àwọn tó ń wá ìpilẹ̀ heavy metal, irú rọ́ọ̀kì tó wúwo yẹn, sábà máa ń tọ́ka sí orin yìí, ó sì ṣòro láti bá wọn jiyàn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí àkójọ ṣe ń di àkójọ. Èyí tó kọ́kọ́ lókìkí nínú ti Sabbath ni We Sold Our Soul for Rock 'n' Roll. December 1975 ló jáde ní Britain, ìbẹ̀rẹ̀ 1976 ló dé Amẹ́ríkà, àwo méjì nínú páálí kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọjọ́ Friday, February 13, 1970 ni àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ náà jáde. Kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Sabotage, àwo kẹfà wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní July 1975 ni, wọ́n sì ṣì máa ṣe méjì sí i pẹ̀lú Ozzy kí wọ́n tó lé e. Kí ló dé tí wọ́n fi yára ṣe àkójọ? Ọ̀rọ̀ owó àti ẹjọ́ ni. Ẹgbẹ́ náà ti kúrò lọ́dọ̀ máníjà wọn, wọ́n sì jọ ń fa ọ̀rọ̀ ní kóòtù. The Writ, orin tó kẹ́yìn Sabotage, ìbínú ẹjọ́ yẹn ló wà nínú rẹ̀. NEMS ló gbé àkójọ náà jáde ní Britain, lásìkò Kérésìmesì, nígbà tí àwọn èèyàn ń ra ẹ̀bùn.

Bí wọ́n ṣe ṣa orin inú rẹ̀ pàápàá yẹ ká wò. Ọ̀kan ṣoṣo ló wá láti inú Sabbath Bloody Sabbath ti 1973, ọ̀kan ṣoṣo láti inú Sabotage. Àwo mẹ́rin àkọ́kọ́ ló pín ìyókù. Èyí tí wọ́n mú nínú Sabotage ni Am I Going Insane (Radio), ọ̀pọ̀ tó bá sì rí àkọlé yẹn á rò pé wọ́n gé e kúrú fún rédíò ni. Wọn ò gé nǹkan kan. Àwàdà àwọn ará England ni, wọ́n máa ń fi orúkọ ilé-iṣẹ́ kan tó ń yá èèyàn ní rédíò pe ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Ohun tó wà nídìí gbogbo èyí ni pé oríṣi ẹni méjì ló ni orin kan. Ẹni tó ṣẹ̀dá orin, ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀, ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ẹni tó ni téèpù tí wọ́n gba orin náà sí ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láyé ìgbà yẹn, ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ló sábà máa ń ni téèpù, nítorí òun ló san owó sitúdíò. Ó lè tà á, ó lè yá a fún ẹlòmíràn, ó sì lè ṣa orin inú rẹ̀ ṣe àkójọ bó ṣe wù ú, àyàfi bí àdéhùn bá dí i lọ́wọ́. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Téèpù Sabbath ti àwọn ọdún 1970 yí ọwọ́ púpọ̀ ní Britain: Vertigo ló kọ́kọ́ gbé wọn jáde, NEMS gbà wọ́n, Castle, lẹ́yìn náà Sanctuary, títí ó fi di ti BMG. Ní Amẹ́ríkà, Warner ni látìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àkójọ Britain àti ti Amẹ́ríkà fi máa ń yàtọ̀ síra, tí ọ̀kan á máa jáde tí èkejì ò sì ní sí nítòsí.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Evil Woman. Crow, ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà kan, ló kọ́kọ́ kọ orin náà. Sabbath tún un kọ, wọ́n sì fi sínú àwo àkọ́kọ́ wọn ní Britain. Nígbà tí Warner fẹ́ tẹ àwo náà ní Amẹ́ríkà, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi Wicked World dípò rẹ̀, orin tó wà lẹ́yìn síngù Evil Woman ní Britain. Ó di 2002, nígbà tí Rhino, ọmọ abẹ́ Warner, ṣe àkójọ síídì méjì tó ń jẹ́ Symptom of the Universe: The Original Black Sabbath 1970–1978, kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó rí Evil Woman lórí àwo Sabbath tí wọ́n tẹ̀ fún ilẹ̀ wọn. Mo fẹ́ràn àkójọ yẹn. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni: ó kọ ọdún sí i, ó sì sọ pé ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ni.

Nítorí ẹgbẹ́ mìíràn wà lẹ́yìn ìyẹn. Ní 1979, wọ́n lé Ozzy. Ronnie James Dio rọ́pò rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì jọ ti Ozzy níbì kankan. Heaven and Hell jáde ní 1980, Mob Rules ní 1981. Ian Gillan, tó ti Deep Purple wá, kọ Born Again ní 1983. Glenn Hughes ló kọrin nínú Seventh Star ti 1986, tó yẹ kó jẹ́ àwo Iommi nìkan kí wọ́n tó fi orúkọ Sabbath sí i. Tony Martin wá kọ márùn-ún láàárín 1987 sí 1995, Dio sì bá wọn ṣe Dehumanizer láàárín rẹ̀, ní 1992. Iommi nìkan ni ẹni tó wà nínú àwo 19 náà látòkèdélẹ̀.

Ìgbà kọ̀ọ̀kan yìí ní àkójọ tirẹ̀. The Dio Years, tí Rhino ṣe ní 2007, kó orin Dio jọ, ó sì ṣe ohun tí àwọn àkójọ kan máa ń ṣe kí ẹni tó ti ní àwo gbogbo tún lè rà á: ó fi orin tuntun mẹ́ta sí i. Iommi, Butler, Dio àti onílù Vinny Appice padà sí sitúdíò nítorí wọn, ibẹ̀ ni wọ́n gbà di ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Heaven & Hell, tí wọ́n sì ṣe odindi àwo ní 2009. Àkójọ bí àwo nìyẹn. The Sabbath Stones ti 1996 ló mú àwọn ọdún tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà sí, láti Born Again títí dé Forbidden ti 1995. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mẹ́rin nínú àwo Tony Martin fi ṣòroó rí, kò sí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́nà tó bófin mu, títí wọ́n fi kó wọn sínú àpótí kan ní 2024, Anno Domini 1989–1995.

Nǹkan kan tún wà tí páálí máa ń pariwo rẹ̀: pé wọ́n ti tún ohùn ṣe. Wọ́n gbé téèpù àtijọ́, wọ́n yọ ariwo kúrò, wọ́n tún ìwọ̀n báàsì àti ti ìlù yẹ̀ wò, kí orin 1970 àti ti 1978 lè dún ní ìwọ̀n kan náà nínú àwo kan. Ó wúlò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ohùn sókè jù, ibi tí orin ti yẹ kó rọlẹ̀ kò ní rọlẹ̀ mọ́, òjò àti aago tí mo mẹ́nu kàn lókè á sì máa dún bí ẹni pé àárín pálọ̀ ni wọ́n wà.

13 ni àwo tó kẹ́yìn, ní 2013, Ozzy, Iommi àti Butler padà jọ ṣe é, ó wọ ipò kìn-ín-ní ní Britain àti ní Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni The Ultimate Collection jáde, síbẹ̀ kò sí orin 13 kankan nínú rẹ̀: ilé-iṣẹ́ mìíràn ló gbé 13 jáde. Ní July 5, 2025, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìpilẹ̀ṣẹ̀ jọ ṣeré fún ìgbà ìkẹyìn ní Villa Park, ní Aston níbi tí wọ́n ti wá. Ozzy kú ní July 22. Ọ̀pọ̀ tí kò gbọ́ wọn rí ló lọ wá orin wọn lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá wà lára wọn, We Sold Our Soul ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, nítorí àwo mẹ́rin àkọ́kọ́ ló gbára lé, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ náà ti dára jù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lé The Dio Years. Fún ti Tony Martin, ẹ fi àkójọ sílẹ̀, kí ẹ lọ gbọ́ odindi Headless Cross ti 1989.