Ẹsẹ̀ òsì ló ń sọ ọ́: bí a ṣe ń mọ àìsàn kílọ́ọ̀ṣì yàtọ̀ sí ti gíábọ́ọ̀kìsì

Kí mẹkáníìkì tó sọ gíábọ́ọ̀kìsì kalẹ̀ lára ọkọ̀ bíi Golf 3, ó ní láti fa ṣáàfù méjèèjì tó ń yí táyà yọ, kó sì fi nǹkan gbé ẹ́ńjìnnì ró kó má baà wó sílẹ̀. Iṣẹ́ tó lè gba ọjọ́ kan gbáko ni, owó iṣẹ́ náà sì ti di dandan kí ẹnikẹ́ni tó rí ojú ohun tó bàjẹ́. Ohun tó ń dunni ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n kàn sọ ọ́ kalẹ̀ lásán ni. Gíà kò wọlé, wọ́n ní gíábọ́ọ̀kìsì ti lọ. Wọ́n ra Béljíọ̀m, ìyẹn àlòkù láti òkè òkun, ní ọjà Ládípọ̀, wọ́n dè é mọ́ ọkọ̀, gíà kò tún wọlé, nítorí pé kílọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀kìsì tó sì ń yà wọ́n bí a bá tẹ pẹ́dà, ni kò tú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ lè fi ẹsẹ̀ òsì àti etí méjèèjì mọ ìyàtọ̀ náà kí owó tó kúrò lápò.

Irin rìbìtì kan tó wúwo, tó ń jẹ́ fuláíwíìlì, ni wọ́n dè mọ́ ìdí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, òun náà ń yí. Kílọ́ọ̀ṣì dísìkì fara tì í, ó ní láínìn lójú méjèèjì, àárín rẹ̀ sì wọ orí ọ̀pá tó wọnú gíábọ́ọ̀kìsì. Pẹ́rẹ́ṣọ̀ pléètì ló ń tì í mọ́ fuláíwíìlì. Ká ní èèyàn fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì há abẹ̀bẹ̀ láàárín, tó wá ń yí ọwọ́ méjèèjì pọ̀: abẹ̀bẹ̀ á bá ọwọ́ yí. Bó bá la ọwọ́ díẹ̀, ọwọ́ á máa yí lọ, abẹ̀bẹ̀ á dúró. Lílà yẹn ni iṣẹ́ pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, rìlíìsì bíárìn á lọ ti sípíríìnì pẹ́rẹ́ṣọ̀ pléètì, ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀kìsì á sì pínyà. Pẹ́dà ni ààlà àárín àwọn méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ohunkóhun tó bá yí padà nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ fi ń tọ́ka sí ibi tí àìsàn wà.

Etí ni ká kọ́kọ́ lò, kí ẹ́ńjìnnì sì tutù. Ọkọ̀ tí òǹtajà ti tan sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé, ẹ jẹ́ kó pa á, kí ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì. A fi gíà sí fíríì, a tan ọkọ̀, a gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà. Bí ariwo kan bá ń kùn hùùù lábẹ́, ká tẹ pẹ́dà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kanlẹ̀. Bí ariwo náà bá dákẹ́, bíárìn ọ̀pá tó wọnú gíábọ́ọ̀kìsì ló ń ké, torí pé ọ̀pá yẹn ti dúró báyìí. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí a tẹ pẹ́dà gan-an ni ariwo bẹ̀rẹ̀, tó ń ké ṣììì bí ìgbà tí wọ́n ń lọ ọ̀bẹ, rìlíìsì bíárìn ni. Àìsàn méjì tí owó wọn jìnnà síra ni, ìṣẹ́jú kan péré la sì fi mọ̀ wọ́n.

Kílọ́ọ̀ṣì tó ń sílíìpù, ìyẹn tó ń yọ̀ láìdi fuláíwíìlì mú, máa ń fara hàn lórí òkè. A wà ní gíà kẹta tàbí ìkẹrin, a tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì pariwo wáà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò sáré ju bó ṣe wà lọ. Níbi tí kò bá sí òkè, ká fa háńbíréèkì gírígírí, ká fi ọkọ̀ sí gíà kẹta, ká sì rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà. Ọkọ̀ tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dára yóò kú lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá ń kùn lọ láìkú, láínìn rẹ̀ kò dì í mú mọ́. Ẹ má ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí ooru rẹ̀ ń jẹ dísìkì. Ṣùgbọ́n ká tó dá dísìkì lẹ́bi, ká wo wáyà kílọ́ọ̀ṣì nínú ọkọ̀ tó ń lo wáyà: bí wọ́n bá fà á le jù, ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹsẹ̀ wà lórí pẹ́dà nígbà gbogbo. Bí ọ́ìlì bá sì ti jò láti ìdí ẹ́ńjìnnì sórí láínìn, pípààrọ̀ dísìkì nìkan kò wúlò. Kí wọ́n pààrọ̀ síìlì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì níbẹ̀, pẹ̀lú rẹ̀.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù rèé: gíà tí kò wọlé. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wá yí gbogbo gíà wò. Bí gbogbo wọn bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, tí wọ́n sì ń kọ̀ tàbí tí wọ́n ń lọ gìrìrì nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kílọ́ọ̀ṣì ni kò tú, gíábọ́ọ̀kìsì kò jẹ̀bi. Nínú Hiace, ọ́ìlì ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ lọ, láti ọ́pà kílọ́ọ̀ṣì (pọ́ǹpù tòkè, lẹ́bàá pẹ́dà) sí lówà kílọ́ọ̀ṣì (tìsàlẹ̀, lẹ́bàá gíábọ́ọ̀kìsì). Bó bá jẹ́ pé a ní láti tẹ pẹ́dà lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí gíà tó gbà, ká bẹ̀rẹ̀ kí a ṣí rọ́bà lówà wò. Bó bá tutù rinrin, ọ̀rọ̀ ti yé wa: lówà ló ń jò. Rìfáàsì nìkan kò tó ẹ̀rí, torí pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò ní sínkírò, òrùka tó ń mú kí eré eyín gíà bára mu kí gíà tó wọlé. Ẹ tẹ pẹ́dà dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún kí ẹ tó fà á.

Bí gíà kan ṣoṣo bá ń lọ gìrìrì nígbà tí àwọn yòókù dára, pàápàá gíà kejì nígbà tí a bá ń ti ìkẹta sọ̀kalẹ̀, sínkírò ibẹ̀ ló ti jẹ, inú gíábọ́ọ̀kìsì sì ni àìsàn wà. Gíà tó ń já bọ́ sí fíríì fúnra rẹ̀ nígbà tí a gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù lójijì náà lè jẹ́ tibẹ̀, àmọ́ kí a kọ́kọ́ mi ẹ́ńjìnnì síìtì, rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró, wò. Èyí tó ti ya máa ń fa ọ̀pá gíà padà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń fi táyà ẹ̀yìn rìn, bíi Hiace, agbára ń kọjá tààrà ní gíà kẹrin láìgba ara eyín gíà kankan. Ìdí nìyí tí ariwo tó bá wà ní gbogbo gíà, tó wá rọlẹ̀ ní ìkẹrin, fi ń sọ pé bíárìn ọ̀pá ìsàlẹ̀ inú gíábọ́ọ̀kìsì ni. Ariwo tó ń bá eré ọkọ̀ lọ, tí kò yí padà bí a tilẹ̀ fi sí fíríì lórí ìrìn, ẹ wò ó lọ́dọ̀ bíárìn táyà.

Bí òǹtajà bá gbà, kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ gíábọ́ọ̀kìsì, kí ọ́ìlì díẹ̀ kán sínú abọ́. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀tì yìí ní mágínẹ́ẹ̀tì lórí. Ẹrẹ̀ eérú tó lẹ̀ mọ́ ọn, tó ń yọ̀ láàárín ìka, kò burú, iṣẹ́ ọdún pípẹ́ ni. Bí ọ́ìlì bá ń dán yẹ́ríyẹ́rí bíi pé wọ́n lọ idẹ sínú rẹ̀, sínkírò ló ń jẹ. Bí ìka bá sì kan irin tí èékánná lè mú, eyín gíà ti kán nínú ibẹ̀. Ẹ dá nọ́ọ̀tì padà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ òǹtajà, kí ẹ máa lọ wo ọkọ̀ mìíràn.